Èwo nínú fíìmù James Bond ni kí n kọ́kọ́ fi han ẹni tí kò wò ó rí?

Olùwòran_Bódìjà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àwọn àbúrò ìyàwó mi àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ń bọ̀ wá wo fíìmù nílé wa lálẹ́ Sátidé. Àwọn kan ṣì wà ní yunifásítì, àwọn kan jẹ́ àgùnbánirọ̀, kò sí ọmọdé nínú wọn. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ James Bond, wọ́n mọ 007, wọ́n tiẹ̀ lè fi ẹnu kọ orin rẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì jókòó wo ẹyọ kan tán. Eré Kòríà ni wọ́n ń wò, àti Marvel, àtàwọn tiwa níbí.

Bẹ́ẹ̀ fíìmù 25 ni ilé-iṣẹ́ Eon ti ṣe lórí amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìí, láti Dr. No ọdún 1962 títí dé No Time to Die ọdún 2021. Sean Connery ṣe mẹ́fà, George Lazenby ṣe ẹyọ kan, Roger Moore ṣe méje, Timothy Dalton méjì, Pierce Brosnan mẹ́rin, Daniel Craig márùn-ún. Ẹyọ kan péré ni mo sì láyè láti gbé síwájú wọn. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, mo mọ̀ pé wọn ò ní fún mi láyè mọ́, eré tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí á wá di ohun tí wọ́n ń pè ní eré àwọn bàbá arúgbó. Goldfinger àti Casino Royale ti ọdún 2006 ló ń jà lọ́kàn mi. Ìyá ìyàwó mi náà á wà ní pálọ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èwo ni kí n gbé, kí sì nìdí?

Craig_Nìkan
Casino Royale ni, ẹ̀gbọ́n. Ìwé àkọ́kọ́ tí Ian Fleming kọ nípa Bond ní ọdún 1953 ni wọ́n ti mú un jáde, inú fíìmù náà gan-an la sì ti rí bí Bond ṣe di 00, ìyẹn amí tí wọ́n fún láṣẹ láti pa èèyàn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun, torí òun àti Bond jọ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan péré. Bond ń lé ọkùnrin kan tó ń ṣe bọ́ǹbù. Sébastien Foucan ló ṣe ọkùnrin náà, ọ̀kan lára àwọn tó sọ eré sísá gun ògiri àti fífò láti orí òrùlé yẹn di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n dé inú ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Foucan fò, ó gba ojú ihò tóóró kan lókè ògiri kọjá, ara rẹ̀ ò kan ibì kankan. Bond dé ibẹ̀, kò fò, kò dúró, ó fi gbogbo ara la ògiri náà já, eruku bò ó, ó ń sá lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹni tó wò ó ti mọ irú èèyàn tí Bond jẹ́.

Àǹtí_Sinimá
Craig_Nìkan, àbúrò mi, òótọ́ lo sọ nípa ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó dáa jù kọ́ ni ẹ̀gbọ́n béèrè, èyí tó yẹ ká fi ṣáájú ni. A kì í mú àlejò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Q, ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ àrà fún Bond, ò sí nínú Casino Royale. Moneypenny, akọ̀wé ọ̀gá Bond, ò sí níbẹ̀. Orin Bond tí gbogbo wọn lè fi ẹnu kọ yẹn, ìgbà tí fíìmù parí tán ló tó dún ní kíkún. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò ni, torí wọ́n mọ̀ pé òǹwòran ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń sú u. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ńkọ́? Fíìmù oníjà tó dáa ni yóò rí, kò ní rí Bond. Ẹ wá fi The Spy Who Loved Me hàn án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí mọ́tò Lotus ti sá wọ inú òkun, tó di ọkọ̀ abẹ́ omi, á ní kí nìyí?

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24 ni gígùn rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ orí tábìlì póókà. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ibi tí Le Chiffre, ọ̀tá inú fíìmù náà, ti so Bond mọ́ àga tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, ní ìhòòhò, tó ń fi okùn nà án níbi tí a kì í na èèyàn sí. Níwájú ìyá ìyàwó yín? Rárá o.

Alàgbà_Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Goldfinger ni kí ẹ gbé, kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ni. Ẹyẹ òkun kan ń léfòó bọ̀ lójú omi. Kò pẹ́, ẹyẹ náà gbéra sókè, orí Bond ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gun ògiri wọlé, ó to bọ́ǹbù rẹ̀, ó jáde. Ó bọ́ aṣọ òmùwẹ̀ tó wọ̀, kóòtù funfun báláú ló wà nínú, ó fi òdòdó pupa há a láyà. Ó wọ ilé ọtí bí ẹni tó ń bọ̀ láti òde ìyàwó, ó bojú wo aago ọwọ́ rẹ̀, bọ́ǹbù bú gbàmù níta. Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn? Ẹ sì ti mọ ọkùnrin náà tán.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe títí di òní, ibẹ̀ ló ti péjọ sójú kan: Aston Martin DB5 tó ń yìnbọn, tó sì ń ju ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ síta láti òrùlé, Q tó ń bá Bond wí pé kó má fi nǹkan ìjọba ṣeré, Oddjob tó ń fi fìlà pa èèyàn, iná lésà tó ń gé tábìlì bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ Bond. Guy Hamilton ló darí rẹ̀ ní ọdún 1964, kò sì tó wákàtí méjì.

Shirley Bassey tó kọ orin rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá tó bí i, Cardiff ni wọ́n bí i sí. Òun nìkan ló kọrin fún Bond lẹ́ẹ̀mẹta: Goldfinger, Diamonds Are Forever àti Moonraker. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á na etí.

Adùkẹ́_Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, mi ò ní gba ẹ̀gbọ́n nímọ̀ràn pé kó fi Goldfinger ṣáájú, nítorí ibi tí Bond àti Pussy Galore, obìnrin tó ń bá ọ̀tá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ti ń jà nínú abà koríko. Obìnrin náà ní òun ò fẹ́, ó ń tì í, Bond sì fi agbára dì í mú títí fíìmù fi sọ fún wa pé ó ti gbà. Ọmọ ọdún ogún ni àwọn obìnrin tó máa jókòó ní pálọ̀ yẹn. Nígbà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi wò ó, ibẹ̀ la ti kẹ̀yìn sí Bond, a ò bìkítà mọ́ bóyá bọ́ǹbù inú Fort Knox, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó wúrà sí, á bú tàbí kò ní bú. Ohun tó burú ju fíìmù tó ń súni lọ nìyẹn.

Ẹ tún wò ó dáadáa: láti ìgbà tí Goldfinger, ọ̀tá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe fíìmù náà, ti mú Bond ní Súwísàláńdì, ẹlẹ́wọ̀n ló jẹ́ fún èyí tó pọ̀ nínú fíìmù. Ẹni tó fẹ́ rí akíkanjú á máa retí pé kó ṣe nǹkan.

Alàgbà_Ìjẹ̀bú
Adùkẹ́, ọmọ mi, mi ò ní gbèjà ibi abà yẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbèjà rẹ̀. Èmi pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mi ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò wo Goldfinger kò mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ kú o láti Porto-Novo. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ Live and Let Die ọdún 1973. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó dárúkọ rẹ̀, torí òun ni Roger Moore kọ́kọ́ ṣe, tí orin Paul McCartney sì dùn.

Vodun tí wọ́n fi ṣe nǹkan ìdẹ́rùbani níbẹ̀, ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò wa ni, ẹ̀sìn àwọn mọ̀lẹ́bí wa kan sì ni. Láti Dahomey ló ti bá àwọn ẹrú rékọjá òkun dé Haiti. Ní Benin níbí, nínú Oṣù Kínní ọdọọdún, ìjọba ń fún gbogbo ìlú nísinmi nítorí rẹ̀. Fíìmù náà fi erékùṣù kan tí kò sí láyé, San Monique, sọ gbogbo rẹ̀ di ejò àti pósí àti oníṣòwò oògùn olóró. Fíìmù àkọ́kọ́ tó máa so àwọn ọmọ wa pọ̀ mọ́ Bond kò yẹ kó jẹ́ èyí tó ń fi wọ́n hàn fún ara wọn bí òǹrorò.

Mi ò sọ pé kò ní ibi tó dáa o. Ibi tí Bond ti sáré lórí ẹ̀yìn àwọn ọ̀nì láti sá àsálà, ọ̀nì gidi ni. Ross Kananga, ẹni tó ni ọgbà ọ̀nì náà ní Jàmáíkà, ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá a, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ olórí ọ̀tá inú fíìmù náà. Kí wọ́n wò ó lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti lè yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Olùwòran_Bódìjà
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Adùkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ìyàwó mi gan-an á dìde kúrò níbẹ̀ ni. Goldfinger ti kúrò nílẹ̀ fún Sátidé yìí. Skyfall ńkọ́? Orin Adele nìkan ti tó mú wọn jókòó.

Àǹtí_Sinimá
Skyfall ti ọdún 2012 rẹwà, òun ló kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ nínú gbogbo wọn, orin Adele sì gba Oscar. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é fún ayẹyẹ 50 ọdún ni, ẹni tó ti ń bá wọn bọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bond ṣí gáréèjì, tí DB5 yẹn hàn, tí orin àtijọ́ sì gbéra, ẹni tó mọ̀ ọ́n á pariwo ayọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mọ́tò àtijọ́ ló rí. Ikú M, ọ̀gá Bond, náà ńkọ́? Judi Dench ti ṣe M nínú fíìmù méje nígbà yẹn. Ẹ̀dùn tó wà níbẹ̀, ẹni tó ti bá a gbé ló lè ní in.

Yìnyín_Àti_Òkè
Tèmi náà rèé: On Her Majesty's Secret Service, 1969, ló dáa jù nínú gbogbo wọn, mo sì ń bẹ yín pé kí ẹ má fi ṣáájú. Bond gbé ìyàwó, wọ́n pa ìyàwó náà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹni tó ti rí i tó ń ti ọwọ́ obìnrin kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn fún ọdún pípẹ́ nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Ṣọlá_Peckham
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ GoldenEye, 1995. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín tán.

Lẹ́yìn Licence to Kill ti ọdún 1989, ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ fíìmù náà dá gbogbo nǹkan dúró fún ọdún mẹ́fà. Láàrin ìgbà yẹn, Soviet Union fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí sinimá ní 1995, ọ̀pọ̀ wọn ò bìkítà nípa Bond, àwọn àgbà sì ń béèrè pé iṣẹ́ wo ló kù fún amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe. Nítorí náà, àwọn tó ṣe GoldenEye kò lè ka òǹwòran kankan sí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti Bond pátá ni wọ́n tún mú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi hàn wá bí ẹni tó ń fi ẹbí mọ àlejò. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣe ní Sátidé, fíìmù náà ti bá yín ṣe é.

Ọkùnrin kan ń sáré lórí dáàmù gíga, a ò rí ojú rẹ̀. Ó so okùn mọ́ irin, ó bẹ́. Dáàmù gidi ni, dáàmù Verzasca ní Súwísàláńdì, nǹkan bí mítà 220, Wayne Michaels ló bẹ́ níbẹ̀ dípò Brosnan. Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, ara èèyàn ló ń já bọ́ yẹn. Ìgbà tí Bond wọ inú ilé-iṣẹ́ ìsàlẹ̀ dáàmù la tó rí ojú rẹ̀, ó sorí kọ́ láti òkè ilé ìgbẹ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan tó ń ka ìwé ìròyìn.

Ẹ wá dé ọ́fíìsì M. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí M jẹ́ obìnrin. Judi Dench jókòó, ó wo Bond lójú, ó sì sọ fún un láìfi bò pé ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú obìnrin ni, àjẹkù ìjà àná. Ó ní bí ó bá di dandan, òun á rán an lọ síbi ikú, oorun òun ò sì ní dí lọ́wọ́. Bond ti ń jáde lọ kó tó sọ fún un pé kó padà wá láàyè. Adùkẹ́, ohun tó ń bí ẹ nínú nípa Goldfinger, fíìmù yìí fi ẹnu obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ fún un lójú. Ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé àwọn tó ṣe é gan-an ti rí i.

Olórí ọ̀tá inú rẹ̀ náà, tí Sean Bean ṣe, amí 006 ni tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ Bond ni. Kò sí ìtàn kankan tí ẹ ní láti sọ fún wọn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, inú fíìmù yẹn náà ni ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bàjẹ́. Q wà níbẹ̀, Moneypenny wà níbẹ̀, DB5 náà wà níbẹ̀. Martin Campbell ló darí rẹ̀, ọkùnrin kan náà tí wọ́n tún pè ní 2006 láti darí Casino Royale. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè é kó wá fi Bond tuntun han ayé.

Craig_Nìkan
Ọ̀rọ̀ Campbell yẹn mú mi. Mo gbà pé ó ṣeé ṣáájú Casino Royale. Ẹ má gbàgbé báírò o! Q fún Bond ní báírò kan: tẹ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di bọ́ǹbù, tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ní ìparí, Boris, ọ̀jáfáfá kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn ọ̀tá ṣiṣẹ́, tí kì í lè fi báírò lọ́wọ́ sílẹ̀, mú un, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Bond sì ń fojú kà á. Gbogbo pálọ̀ á máa kà á pẹ̀lú rẹ̀.

Tápà_Géèmù
Géèmù rẹ̀ tó jáde fún Nintendo 64 ní 1997 ni mo fi mọ Bond. Ìgbà tí mo wá wo fíìmù náà, mo ti mọ gbogbo yàrá inú ilé náà. Mo fọwọ́ sí i.

Alàgbà_Ìjẹ̀bú
Orin rẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú. Éric Serra ló ṣe é, irin ń dún kan-kan-kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí Bond ti ń fi táńkì ogun fọ́ ògiri ní St Petersburg, orin ẹlòmíràn ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi dùn. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tí Ṣọlá sọ, ìwádìí wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún mi, kí lẹ máa ṣe sí Xenia Onatopp, obìnrin tó fi itan fún ọ̀gágun ojú omi pa lórí bẹ́ẹ̀dì? Ìyá ìyàwó ń bẹ níbẹ̀ o.

Ṣọlá_Peckham
Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá, wọn ò sì fi ìhòòhò hàn. Ẹ bá ìyá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pé apànìyàn ni obìnrin náà, kí ọ̀rọ̀ má bàa já lù wọ́n. Mo ti wò ó pẹ̀lú màmá mi, wọ́n ní "ikú burúkú rèé", wọ́n sì ń wò lọ.

Olùwòran_Bódìjà
GoldenEye ni, mo ti gbà. Màá yí ohùn sókè níbi dáàmù, màá sì tan àkọlé ìsàlẹ̀ sí i nítorí ìyá. Màá padà wá jábọ̀.

Olùwòran_Bódìjà
Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. A wò ó. Ibi dáàmù, kò sí ẹni tó mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò retí ni ọ́fíìsì M. Àwọn obìnrin inú wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n dá a padà kí wọ́n tún gbọ́ ọ. Ìyá ìyàwó mi, táńkì ló mú wọn, wọ́n ń béèrè ẹni tó máa san owó gbogbo ilé tó ń wó yẹn. Ẹnì kan sùn lọ láàrin, nígbà tí wọ́n dé Kúbà, mi ò sì bá a jà, fíìmù náà fà díẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Báírò jí i.

Wọ́n ti ní kí n wá òmíràn. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ní ohun tó wu òun ni iṣẹ́ amí fúnra rẹ̀, ẹ̀tàn àti ìfura, kì í ṣe ìbúgbàmù. Casino Royale ni mo fẹ́ gbé. Àbí?

Àǹtí_Sinimá
Bí ó bá jẹ́ ohun tó sọ nìyẹn, From Russia with Love, 1963, ni kí ẹ gbé fún un. Robert Shaw, tó ṣe apànìyàn tí wọ́n rán sí Bond, ń tọ Bond lẹ́yìn kiri Istanbul, kò sọ̀rọ̀ kankan títí wọ́n fi wọ rélùwéè. Ibẹ̀ ló ti wá fi ara rẹ̀ hàn bí ọmọ Ìlú Ọba tó jẹ́ amí ẹgbẹ́ Bond. Wọ́n jókòó jẹun, ó pàṣẹ ẹja, ó ní kí wọ́n gbé wáìnì pupa wá fún òun. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó ṣọ́ wáìnì náà. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kékeré yẹn, wọn ò fi orin kankan sí i, ìró rélùwéè àti mímí àwọn méjèèjì nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ẹ gbé Casino Royale lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó yín ò bá sí nílé.